Ẹ̀rọ Méjì, Èbúté Kan

 

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Márínà l'Ékòó yóò gbà pẹ̀lú mi pé àárín ọ̀sà kọ́ ni iṣẹ́ awakọ̀ ti le jù. Láàárín ọ̀sà, àyè gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ wà níwájú, àyè wà lẹ́yìn, kò sí òpó, kò sí ògiri, àwọn èrò mìíràn tilẹ̀ ti sùn lọ fọnfọn. Ìgbà tí èbúté bá ku nǹkan bí 50 mítà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń mú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì gúnlẹ̀ láìjẹ́ kó gbá nǹkan kan ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn awakọ̀ wà lára ẹ̀yin tó ń gbọ́ wa, àwọn ọmọ ọkọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ẹ má yí rédíò yín sí ibòmíràn o, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ọkọ̀ ojú omi kò ní bíréèkì. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò tí ẹ bá yọ gíà rẹ̀ tí ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ojú kan náà ni yóò dúró sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọkọ̀ ojú omi tí ẹ bá yọ gíà rẹ̀ ṣì ń lọ, nítorí pé eré tó ti ń sá bọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Bó bá sì dúró pàápàá, omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò dúró, atẹ́gùn tó ń fẹ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò dúró. Ọkọ̀ tó kó ogójì èrò pẹ̀lú ẹrù wọn, bó bá ti ń lọ, kò gbọ́ “dákun.”

Nítorí náà, ohun tí awakọ̀ ń lò dípò bíréèkì ni gíà. Mo ní gíà, n kò ní iná. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí a kò tẹ iná mọ́ rárá, tí a kàn kó o sí gíà, ti tó láti gbé ọkọ̀ lọ bí ìgbà tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa, bó bá ti sún mọ́ èbúté, kò ní í fọwọ́ kan iná mọ́. Yóò kó gíà, yóò yọ ọ́, yóò jẹ́ kí ọkọ̀ máa yọ́ lọ, yóò tún kó o díẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá ń wá ibi tí òwe yẹn ti ń ṣiṣẹ́ lójú kòrókòró, kó lọ jókòó sí èbúté fún wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹ̀rọ méjì náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí eré nìkan ni a fi gbé méjì sí ìdí ọkọ̀. Eré wà níbẹ̀ lóòótọ́, ààbò sì wà níbẹ̀, nítorí bí ọ̀kan bá kú láàárín ọ̀sà, èkejì yóò gbé yín délé. Ṣùgbọ́n ní èbúté, nǹkan mìíràn ni wọ́n wà fún. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀pá gíà tirẹ̀ níwájú awakọ̀. Bí ẹ bá kó tòsì sí iwájú, tí ẹ kó tọ̀tún sí rífáàsì, ìkan ń tì, ìkan ń fà, orí ọkọ̀ yóò sì yí sí ọ̀tún lójú kan náà, láìlọ síwájú, láìbọ̀ sẹ́yìn. Ẹ yí gíà méjèèjì padà, orí ọkọ̀ yóò yí sí òsì. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń ti ọmọlanke lọ́jà, bí wọ́n ṣe ń fa ọwọ́ kan sẹ́yìn tí wọ́n ń ti èkejì síwájú láti yà wọ inú kọ̀rọ̀ tóóró, ti rí ohun tí mò ń sọ.

Èyí kì í ṣe ọgbọọgba lórí gbogbo ọkọ̀ o. Nínú àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ẹ́ńjìnnì dísù wọn wà nínú ikùn ọkọ̀, pùròpẹ́là méjèèjì jìnnà síra, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń yí dáadáa bí awakọ̀ bá fi sítíárìn sílẹ̀ láàárín tó sì ń fi gíà nìkan ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ọkọ̀ èrò tiwa l'Ékòó, ẹ̀rọ tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀ lóde ni wọ́n ń lò, àwọn Yamaha tí gbogbo yín mọ̀, wọ́n sì máa ń so méjèèjì súnmọ́ra. Bí wọ́n bá súnmọ́ra, agbára tí wọ́n fi ń yí ọkọ̀ dín kù. Awakọ̀ ní láti fi sítíárìn ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àti sítíárìn yìí náà, ó ní àrékérekè tirẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lóde, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni sítíárìn ń yí, omi tí pùròpẹ́là ń tì jáde ló sì ń darí ọkọ̀. Bí gíà bá wà ní níútírà, kò sí omi tó ń jáde, ẹ lè yí sítíárìn títí ọwọ́ yín yóò fi ro yín, díẹ̀ báyìí ni ọkọ̀ yóò dá yín lóhùn. Mo máa ń rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń yí i kíkankíkan láìkó gíà, òógùn á bò wọ́n. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yí sítíárìn síbi tí ẹ fẹ́, kí ẹ tó kó gíà. Bí ẹ bá kó gíà kí ẹ tó yí i, ọkọ̀ yóò ti rìn ní ìwọ̀n mítà kan síbi tí ẹ kò rán an kí sítíárìn tó bá a.

Bákan náà, ẹ má ṣe já gíà láti iwájú bọ́ sí rífáàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó dúró ní níútírà fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Ẹni tó bá ń já a wìn-ìn, bí gíà kò bá bàjẹ́, ẹ̀rọ lè kú, èbúté sì ti wà níwájú gan-an.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí bí ọkọ̀ ṣe ń yí, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń fi ara gbá òpó jù. Mọ́tò, iwájú rẹ̀ ló ń yà, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ síwájú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibì kan wà nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láti orí, tó dà bíi pé ó dúró gbagidi, gbogbo ìyókù ló ń yí yípo ibẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá gùn ní mítà 12, ìwọ̀n mítà 8 ló wà lẹ́yìn ibi tí a wí yìí, ìdí yẹn ló sì ń gbá lọ sí ìhà kejì nígbà tí orí bá ń yà. Ẹni tó bá yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté lójijì, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò fi gbá òpó. Bí ọkọ̀ bá sì ń fi ẹ̀yìn rìn, ibi tí a ń sọ yìí á sún sápá ìdí, orí ọkọ̀ á wá di ohun tí atẹ́gùn ń gbé kiri bó ṣe wù ú.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí omi fúnra rẹ̀. Ẹ wo Márínà. Omi òkun ń wọlé, ó sì ń fà padà, lẹ́ẹ̀mejì-mejì lójúmọ́, àyípadà kọ̀ọ̀kan sì ń gbà tó wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀. Ó ń sún síwájú ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, torí náà ẹni tó gúnlẹ̀ nírọ̀rùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lọ́jọ́ Ajé kò lè retí irú omi kan náà ní aago mẹ́jọ lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tí omi bá ń fà, ọ̀pọ̀ omi ọ̀sà ló ń gba abẹ́ Afárá Carter àti Afárá Èkó, ó ń gba iwájú Márínà lọ sínú òkun. Nígbà òjò, tí Odò Ògùn bá kún tó ń da omi sínú ọ̀sà, fífà náà á tún le sí i. Ọkọ̀ tó ń ti Ìkòròdú bọ̀ nígbà yẹn, omi ń ti ẹ̀yìn gbé e lọ. Bí awakọ̀ bá ní kí òun gúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi ni yóò máa wakọ̀, kì í ṣe òun mọ́. Yóò máa fi rífáàsì bá omi jà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tó ń lọ sẹ́yìn kò lágbára tó èyí tó ń lọ síwájú, sítíárìn rẹ̀ pẹ̀lú kì í gbọ́ràn tó.

Ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ń ṣe ni pé yóò kọjá èbúté náà. Yóò lọ síwájú díẹ̀, yóò yí padà lójú omi tó fẹ̀, yóò wá kojú sí omi tó ń bọ̀. Àwọn èrò tí kò mọ̀ á máa kùn pé, “Ọ̀gá, ẹ ti kọjá ibẹ̀ o!” Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá kojú omi, omi fúnra rẹ̀ ló ń dín eré rẹ̀ kù. Ẹ̀rọ lè wà ní gíà iwájú, kí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, sítíárìn á sì máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Bí omi bá ń wọlé, ẹni tó ti Ìkòròdú bọ̀ kò nílò ìyípo kankan: ó ti ń kojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti atẹ́gùn, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló sábà máa ń fẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì máa ń le lọ́sàn-án ju àárọ̀ lọ. Ọkọ̀ tó ní òrùlé àti aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ nítorí òjò ni atẹ́gùn ń rí tì jù. Bí omi àti atẹ́gùn bá ń ta ko ara wọn, ẹ kojú èyí tó lágbára jù nínú méjèèjì. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹ yọ gíà nígbà tí ẹ kò tíì sún mọ́ ibẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ọkọ̀ ń sún lọ. Ẹ wo àsíá tó wà lórí èbúté. Ẹ wo omi tó ń wọ́ yí òpó ká.

Bàbá awakọ̀ kan wà tí mo máa ń wọ ọkọ̀ rẹ̀, mo fẹ́ràn láti jókòó sí ibi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ̀. Omi ń fà lọ́jọ́ kan, ó ti yí ọkọ̀ padà, èbúté wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa. Ó darí orí ọkọ̀ sí èbúté ní gẹ̀gẹ́rẹ́, nǹkan bí dígírì 20 sí 30, kì í ṣe tààrà, kì í sì ṣe ẹ̀gbẹ́-dé-ẹ̀gbẹ́. Gíà nìkan là ń gbọ́: kọ́, ó kó o, kọ́, ó yọ ọ́. Ọmọ ọkọ̀ ti dúró lórí igun pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ó ti ń múra láti fò. Bàbá ní, “Má fò o! Dúró, yóò wá bá ẹ.” Ọmọ náà ní, “Ó dáa, bàbá.” Nígbà tí orí ọkọ̀ ku bí ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ méjì sí táyà tí wọ́n gbé kọ́ ara èbúté, bàbá yí sítíárìn sí apá èbúté, ó kó ẹ̀rọ òsì nìkan sí rífáàsì, ìyẹn èyí tó jìnnà sí èbúté. Ọkọ̀ dúró. Ìdí rẹ̀ rọra wọlé títí gbogbo ẹ̀gbẹ́ fi lé táyà. Obìnrin tó jókòó tì mí kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀rọ òsì? Nítorí pé ẹ̀rọ tó wà lápá òde, bó bá ń fà sẹ́yìn, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe pọ̀: ó ń dá ọkọ̀ dúró, ó sì ń yí ìdí rẹ̀ wọ apá èbúté. Pùròpẹ́là náà tún ń ràn án lọ́wọ́. Pùròpẹ́là tó ń lọ sẹ́yìn máa ń wọ́ ìdí ọkọ̀ sápá kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́rọ méjì, wọ́n ti ṣe é kí tọ̀tún máa yí síhìn-ín, kí tòsì máa yí sọ́hùn-ún, kí wíwọ́ méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́ nígbà tí wọ́n bá jọ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lo ti òde nìkan, apá èbúté ló ń wọ́ ìdí lọ. Bí èbúté bá wà lọ́wọ́ òsì yín, ẹ̀rọ ọ̀tún ni ẹ ó lò.

Ẹni tó bá ṣì í mú ńkọ́? Mo ti rí i, ní èbúté kan tí n kò ní í dárúkọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń wakọ̀, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù, jìnnìjìnnì mú un, ó fa ẹ̀rọ tó wà lápá èbúté sẹ́yìn pẹ̀lú iná gidi. Ìdí ọkọ̀ gbá síta, orí rẹ̀ sì lọ kọlu kọnkéré gbàgà! Àwọn tó ti dìde dúró ṣubú lé àwọn tó jókòó, apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan ìyá kan bọ́ sómi, igun ọkọ̀ là. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja náà bú u débi tí awakọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tún bẹ́ sínú omi tẹ̀ lé ẹja. Tó bá jẹ́ pé ó ti yọ gíà méjèèjì ni, táyà ìbá gba orí ọkọ̀ náà lọ́wọ́ kọnkéré. Bí ohun gbogbo bá ti dojú rú, níútírà ni kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ wá. Bí àyè bá sì ṣì wà, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ lọ yípo, ẹ tún un ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú kí èèyàn máa pariwo mọ́ ọmọ ọkọ̀ pé kó fi ẹsẹ̀ ti èbúté. Ẹsẹ̀ èèyàn kò lè dá ọkọ̀ dúró. Egungun ni yóò fọ́.

Okùn, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ṣókí. Bí ẹ bá so okùn mọ́ orí ọkọ̀, tí ẹ wá fà á lọ sẹ́yìn so mọ́ òpó kan lórí èbúté, ọkọ̀ kò lè lọ síwájú mọ́. Bí ẹ bá wá kó gíà iwájú wẹ́rẹ́, tí ẹ yí sítíárìn kúrò lápá èbúté, okùn yóò mú orí dání, ìdí ọkọ̀ yóò sì máa sún mọ́ èbúté fúnra rẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ ọn títí ọmọ ọkọ̀ yóò fi di okùn ẹ̀yìn. Ó wúlò púpọ̀ ní ibi tí atẹ́gùn ti ń gbé ọkọ̀ kúrò lára èbúté, tàbí ní ibi tóóró bí èbúté Five Cowries ní Falomo, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti lè kọjá kí ìgbì rẹ̀ máa bi tiyín kiri. Okùn tí ẹ bá so mọ́ kọnkéré tí kì í léfòó, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un, torí omi yóò lọ sílẹ̀.

Àwọn ọ̀tá mìíràn wà tí ìwé àwọn òyìnbó tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gúnlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà: ewéko tó ń léfòó, tó máa ń bo ojú ọ̀sà nígbà òjò tí iyọ̀ inú omi bá ti dín kù, àti ọ̀rá. Ọ̀rá omi tí a mu, ọ̀rá tí a fi di ọjà, èbúté ni gbogbo rẹ̀ ń kó jọ sí. Wọ́n ń wé mọ́ pùròpẹ́là, wọ́n ń dí ihò tí ẹ̀rọ fi ń fa omi tó ń mú un tutù. Ẹ máa bojú wẹ̀yìn wo omi tín-ín-rín tó ń tú jáde lára ẹ̀rọ. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ̀rọ yẹn ti ń gbóná. Ó sì yẹ kí ẹ dán rífáàsì ẹ̀rọ méjèèjì wò nígbà tí èbúté ṣì jìnnà. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ òpó ló ti mọ̀ pé rífáàsì òun kò mú ti pẹ́ jù. Bí ọ̀kan bá ti kú, kí ẹ fi èkejì gúnlẹ̀ bí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kan, pẹ̀lú sítíárìn, kí ẹ sì yan ibi tó fẹ̀ jù.

Nínú àwọn ọkọ̀ afẹ́ tuntun, ọ̀pá kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo èyí. Iléeṣẹ́ bíi Volvo Penta ń ṣe é: ibi tí ẹ bá tẹ ọ̀pá náà sí, kọ̀ǹpútà á pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ méjèèjì, ọkọ̀ á sì fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. N kò bá wọn jà. Àmọ́ ẹni tó bá fi í kọ́ṣẹ́ láìmọ bí omi ṣe ń fà, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kọṣẹ́ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, èrò á sì wà nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin èrò wá kù. LASWA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tí òfin dá sílẹ̀ ní 2008 láti mójú tó ọ̀nà omi, ní kí gbogbo èrò wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ yín ń bọ́ ọ nígbà tí ẹ bá rí èbúté. Ẹ kò gbọ́ ohun tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò yìí ni? Ibi tí ọkọ̀ ti ń gbá nǹkan lẹ ti ń bọ́ ohun tó ń gbà yín là. Ẹ fi í sọ́rùn. Ẹ má ṣe dìde kí wọ́n tó di okùn, torí bí ogún èèyàn bá jọ rọ́ lọ sápá kan, ọkọ̀ yóò tẹ̀. Ẹ má ṣe na ọwọ́ síta láti di èbúté mú. Ẹ kò gbọdọ̀ gba apá ìdí ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣì ń dún. Ẹ̀rọ tó wà ní níútírà báyìí, ìka ọwọ́ kan ló kù kó bọ́ sí gíà, pùròpẹ́là kò sì mọ ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ewéko. Awakọ̀ pẹ̀lú, okùn pupa tó so mọ́ bọ́tìnnì tó ń pa ẹ̀rọ, ara rẹ ló yẹ kó so mọ́, kì í ṣe ara àga, kí ẹ̀rọ lè kú bó o bá ṣubú.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní aago yìí kan náà, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kúrò ní èbúté nígbà tí ọkọ̀ bá ti há wa mọ́ níwájú àti lẹ́yìn.